Sí Ìyá Mi ní Ìsẹ́yìn, Lórí Kíláàsì Afòyemọ̀ àti Òfì Múfútàù

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àárọ̀ bó bá jẹ́ àárọ̀ ni Sìdíkátù ń ka èyí sí yín létí, ẹ sì kú ìrọ̀lẹ́ bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló tó ráyè. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Ìsàlẹ̀ Èkó níbí; dídìde ni ẹ̀yìn mi kì í fẹ́ gbà fún mi mọ́. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì ń fi ìpara yẹn pa á kí ẹ tó sùn? Mo kí Sìdíkátù, àbúrò mi obìnrin, tó ń bá mi fi ohùn rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí bàbá Lèmọ́mù, mo kí ará ọ̀tún àti ará òsì. Mo kí Múfútàù àbúrò mi náà, níbikíbi tí òfì tó fi ń hun aṣọ bá wà lónìí. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, tí n kò fi pè yín lórí fóònù bí mo ti máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ibi tí ẹ kò ní retí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ dé òpin.

Òjò ti dé sí Èkó. Bó bá rọ̀ láàárọ̀, omi á dúró lójú ọ̀nà wa títí ọ̀sán, àwọn ọmọ iléèwé á bọ́ bàtà wọn sọ́wọ́, àwa àgbà á dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Bí kò bá rọ̀, ooru á mú débi pé aṣọ tí mo bá wọ̀ lọ sí mọ́sálásí á ti lẹ̀ mọ́ mi lára kí n tó débẹ̀. Mo ṣì ń gbé inú yàrá tí mo háyà nínú ilé àtijọ́ yẹn, èyí tí ẹ dé sí nígbà tí ẹ wá. Ọmọ onílé ti ń di àgbà báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì jáwọ́ nínú yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí mo ti wọ Èkó, ẹsẹ̀ mi ti dé, ẹrù mi ti dé, ó ku kí ohùn mi dé. Ó ní bí mo bá ti la ẹnu báyìí, ará òkè ni. Mo máa ń dá a lóhùn pé bí ohùn mi bá dé Èkó, ta ni yóò máa bá ìyá mi sọ̀rọ̀?

N kò ní parọ́ fún yín, àdáwà ń dà mí láàmú. Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ ti kú, tí àwọn ọmọ wà lókè òkun, tí mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ariwo Èkó pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń pe orúkọ mi nínú rẹ̀. Ẹ mọ̀ mí. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, bí ẹnìkan ò bá wá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ògiri. Mo ti ń bá rédíò jiyàn nígbà tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan pé obìnrin kan wà ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó tó ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Kúdí lorúkọ rẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé bàbá rẹ̀ ló ti ń kọ́ wọn, ní àárọ̀ Sátidé. Nígbà tí mo débẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní Bàbá, ẹ kú àbọ̀, ọmọ tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ dà? Mo ní èmi ni ọmọ náà. Ó wò mí, ó wo àwọn àga, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n má jókòó sábẹ́ fáànù o, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti máa ń sùn.

Ẹ ó béèrè pé kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ìyá mi, kọ̀ǹpútà kò ní òye kankan. Ohun tí a bá kọ fún un ló ń ṣe, bí a sì ti kọ ọ́ gan-an ló ń ṣe é. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ tó jọ iṣẹ́ télọ̀. Wọn a kọ́kọ́ gé pátánù. Pátánù kì í ṣe aṣọ, kò sẹ́ni tó lè wọ̀ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n ó sọ bí aṣọ yóò ṣe rí, a sì lè fi ẹyọ kan rán bùbá tó pọ̀ rẹpẹtẹ. Kíláàsì ni wọ́n ń pe irú pátánù bẹ́ẹ̀. A tún lè gé pátánù jáde lára pátánù. Ẹni tó ti ní ti bùbá lè mú un, kó fi apá gígùn kún un, kò ní tún máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó jáde lára ti àkọ́kọ́ a máa jogún gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, bí ọmọ ṣe ń jogún ilé bàbá rẹ̀. Ibi ogún yìí gan-an ni mo ti ṣubú.

Alhaja kan wà ní Ọjà Balógun tó ń ta aṣọ, ọ̀rẹ́ ìyá Kúdí ni. Ó fẹ́ ètò kan lórí fóònù tí yóò máa sọ ohun tó kù lọ́jà fún un, torí pé ojoojúmọ́ ló ń gun àtẹ̀gùn lọ wo àjà, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ò sì gbà á mọ́. Kúdí gbé iṣẹ́ náà fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ kí a fi kọ́ṣẹ́. A pín in. Ẹnìkan mú léèsì, ẹnìkan mú àǹkárá. Wàsíù, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń ta bàtà ní Balógun níbẹ̀, mú aṣọ òkè. Pátánù àkọ́kọ́, èyí tí gbogbo wọn yóò jogún, tí a pè ní Aṣọ, èmi ni mo gbà á. N kò dúró kí wọ́n fún mi. Mo ní èmi ni mo dàgbà jù.

Pátánù náà gbọ́dọ̀ ní ibi tí a ti ń wọn ọjà. Kúdí ní kí n kọ orúkọ iṣẹ́ náà síbẹ̀, Wọ̀n, kí n sì ronú dáadáa lórí ohun tó yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀. Ríronú wo? Aṣọ ni, yáàdì la fi ń wọ̀n ọ́n. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n fi yáàdì wọn gbogbo rẹ̀, mo sì sọ fún àwọn yòókù pé ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀, kó yí i padà nínú tirẹ̀. Inú mi dùn. Mo ti bá gbogbo wọn ṣe iṣẹ́ wọn tán.

Nígbà tí a gbé ètò náà dé ṣọ́ọ̀bù Alhaja, léèsì lọ dáadáa, àǹkárá náà lọ. Ó wá kan aṣọ òkè ìyàwó tuntun, irú èyí tí wọ́n ń dì pa pọ̀ sínú ọ̀rá: ìró, bùbá, gèlè, ìborùn, kó pé. Ẹrù mẹ́wàá irú rẹ̀ ló wà lórí àjà. Alhaja tẹ fóònù. Fóònù ní yáàdì mẹ́wàá ló wà nílẹ̀. Ó tún ní oníbàárà tó bá fẹ́ yáàdì méjì péré, kí wọ́n gé e fún un. Alhaja rẹ́rìn-ín títí ó fi di orí tábìlì mú. Ó ní ẹ wá wò ó o, wọ́n ní kí n ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ ìyàwó! Ó ní ta ló kọ èyí, ṣé kò sí ará òkè kankan nílé wọn ni! Gbogbo wọn yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé ohùn mi ti sọ ibi tí mo ti wá fún wọn láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀. Èmi, ọmọ Ìsẹ́yìn. Èmi tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń ká òwú kí n tó mọ ìwé kíkà.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo dojú kọ Wàsíù. Mo ní òun ló gba aṣọ òkè, òun ni kò yí Wọ̀n padà, ọ̀lẹ ni. Mo pariwo mọ́ ọn lójú àwọn oníbàárà. Kò tilẹ̀ bínú. Ó ní Bàbá Tíṣà, bàtà lèmi ń tà o. Mo débẹ̀, mo rí i pé ẹ ti kọ Wọ̀n sílẹ̀, mo ní ará Ìsẹ́yìn ló kọ ọ́, ta ni kí n tún lọ bi? Alhaja bá tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín mìíràn.

Nígbà tí a padà dé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, Kúdí kò bá Wàsíù wí. Ó ní Bàbá, ẹ má bínú, ọ̀dọ̀ yín ni àṣìṣe yẹn wà. Mo ní báwo, ohun tí mo kọ kúkú ṣiṣẹ́. Ó ní ohun tó burú nínú rẹ̀ nìyẹn, pé ó ṣiṣẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ tó yẹ kí aṣọ òkè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, mo ti bá a sọ ọ́, kò wá sí ẹni tó mọ̀ pé kò tíì sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófo ni, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni ìbá ké gbàjarè.

Ó ní kí n pa gbogbo ohun tó wà lábẹ́ Wọ̀n rẹ́, kí orúkọ rẹ̀ nìkan ṣẹ́kù, kí n sì kọ ọ́ sórí pátánù náà pé afòyemọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tí àwa olùkọ́ máa ń lò nìyẹn fún ohun tí ọwọ́ ò lè dì mú, bí ọgbọ́n, bí ìfẹ́. Kíláàsì afòyemọ̀ ni irú pátánù bẹ́ẹ̀ ń jẹ́. Mo bá a jiyàn. Mo ní pátánù tí kò ní nǹkan kan nínú, iṣẹ́ olùkọ́ tó ń sá fún iṣẹ́ nìyẹn. Ó ní rárá, Bàbá, àṣẹ ló wà nínú rẹ̀. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jogún rẹ̀ pé wíwọ̀n di dandan, kò sí aṣọ tí a kì í wọ̀n. Ṣùgbọ́n bí oníkálukú yóò ṣe wọ̀n, ẹnu tirẹ̀ ni yóò fi sọ ọ́.

Mo pa á rẹ́. Ó dùn mí bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín fún. Bí a ti ní kí ètò náà ṣiṣẹ́ báyìí, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó fi àwọ̀ pupa kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé Aṣọ Òkè kò tíì sọ bí òun yóò ṣe wọ̀n. Wàsíù pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹ wò ó, ẹ̀rọ ti lọ fẹjọ́ mi sùn! Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, ó béèrè bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n nílé wa, mo sọ fún un, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹrù tó pé pérépéré la fi ń kà á. Ètò náà ṣiṣẹ́.

Mo tún dán nǹkan kan wò. Mo ní kó bá mi ṣe Aṣọ kan lásán, kì í ṣe léèsì, kì í ṣe àǹkárá, aṣọ ṣáá. Kò gbà. Kúdí ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pé ẹni tó bá wọ Balógun tó ní òun fẹ́ ra aṣọ, wọ́n á bi í pé èwo nínú rẹ̀? Aṣọ tí kì í ṣe irú aṣọ kankan kò sí lórí igbá ẹnikẹ́ni. Orúkọ tó kó gbogbo wọn jọ ni, ó sì ń sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́dọ̀ ṣàìmọ̀ ọ́n ṣe.

Ìdùnnú ibẹ̀ ni pé nígbà tí Alhaja bá tẹ Wọ̀n, kò ní láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú. Ó pe orúkọ kan, olúkúlùkù ọjà sì dáhùn bó ṣe mọ̀ ọ́n. Bí ẹ ṣe máa ń ké nílé lẹ́yìn ìrun Àsùbáà nìyẹn pé ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ yá o. Ẹ kò ní kí Sìdíkátù lọ gbá ilẹ̀, ẹ kò ní kí n lọ pọn omi. Kálukú ti mọ ti ẹ̀. Alhaja ti ń lo ètò náà báyìí. Ó ní ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gun àtẹ̀gùn lọ wò ó bóyá fóònù ò parọ́.

Mo ronú pẹ́ lórí bí màá ṣe ṣàlàyé afòyemọ̀ yìí fún yín, mo sì wá rí i pé ẹ̀yin gan-an lẹ ti kọ́ mi. Ìmọ́ra ni dandan kí a tó kírun. Bí omi bá wà, omi la ó fi ṣe àlùwàlá. Bí kò bá sí omi, a ó fi ọwọ́ kan iyanrìn tó mọ́, a ó fi pa ojú àti ọwọ́, a ó sì kírun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan tí kànga ilé wa gbẹ, mo sọ níwájú yín pé ìrun oníyanrìn kò lè dà bí ìrun olómi, ẹ sì gbá mi létí. Ẹ ní ta ló fi mí ṣe ẹni tí yóò máa gba ìrun lọ́wọ́ ènìyàn? Lónìí tí orúnkún kò jẹ́ kí ẹ forí kanlẹ̀ mọ́, orí àga lẹ ti ń kírun, ìrun ni, kò sí ààfáà tó lè bù ú kù. Àṣẹ kan ni, ọ̀nà rẹ̀ ló pọ̀. Mo ti mọ èyí nínú ẹ̀sìn láti kékeré. Nínú ilé ni n kò ti lò ó.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lọ́jọ́ náà. Kò jìnnà, ṣùgbọ́n ìrántí Iléyá tó kọjá kò jẹ́ kí n rìn dáadáa. Lẹ́yìn tí a ti pa àgbò tán nílé wa ní Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ Iléyá yẹn, èmi àkọ́bí ni mo pe gbogbo wa jọ, níwájú bàbá Lèmọ́mù àti àwọn àna wa. Mo ní mo ti ṣètò bí a ó ṣe máa tọ́jú yín. Mo ní kí olúkúlùkù ọmọ máa gbé yín wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìlú ńlá, kí ẹ máa lọ láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí ọ̀dọ̀ èkejì, kí Sìdíkátù máa bá yín lọ, kí dókítà ńlá máa rí yín. Múfútàù, àbíkẹ́yìn yín, tí kò fi Ìsẹ́yìn sílẹ̀ rí, ní òun kò ní ilé ní ìlú ńlá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín lòun ti ń hun aṣọ, ẹ̀gbẹ́ yín lòun wà. Mo ní wíwà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn kì í ṣe ìtọ́jú. Mo ní kí a yọ ọ́ kúrò nínú àwọn ọmọ tó ń tọ́jú Ìyá. Mo tún ní ariwo òfì rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ sinmi, kó gbé e kúrò níbẹ̀. Àwọn àna wa wolẹ̀. Ní ọjọ́ kejì Múfútàù tú òfì náà, ó rù ú lọ sí apá kejì ìlú, kò sì wọ ilé mọ́ láti ìgbà náà. Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń dúró sí kí yín, bí àlejò tí kò dá ara rẹ̀ lójú.

Ìyá mi, mo ti kọ yáàdì sábẹ́ ìtọ́jú. Bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n ṣe ni mo ní kí gbogbo ọmọ yín fi ṣe é, nígbà tí ti Múfútàù kò bá ìwọ̀n mi mu, mo ní kò ṣe nǹkan kan. Sìdíkátù sì ti ń sọ fún mi láti ìgbà yẹn pé oorun ọ̀sán yín ti bàjẹ́. Ó ní ẹ máa ń ta jí, ẹ ó tẹ́tí, ẹ ó béèrè pé ṣé ara Múfútàù ò yá ni, tí òfì ò fi dún? Ẹ gbọ́ èsì ọ̀mọ̀wé: mo ní kó ra oògùn oorun fún yín. N kò mọ̀ pé ohun tí mo pè ní ariwo ni ẹ fi ń mọ̀ pé ọmọ yín wà nítòsí. Òun ló ń pọn omi yín kó tó jókòó sídìí òfì. Òun ló ń dìde níbẹ̀ bí ẹ bá wúkọ́. Nínú àwa tí a ń gbé ìlú ńlá, ta ló gbọ́ ìwúkọ́ yín rí tó sì dìde? Èmi ń fi nǹkan ránṣẹ́, Sìdíkátù ń wẹ̀ yín, Múfútàù wà níbẹ̀. Ìtọ́jú ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí ọmọ kankan tí a pè ní ọmọ ṣáá, tí a ó máa retí pé kí gbogbo wa dà bí rẹ̀.

Mo pè é. Fóònù dún títí kó tó gbé e. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnu mi wúwo, mo bá fi ọ̀rọ̀ ètò kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí fóònù ti ń fi yáàdì wọn aṣọ òkè, ẹ̀rín gbé e débi pé mo gbọ́ tí àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi í pé kí ló dé. Ó sọ fún wọn. Ọ̀kan ké láti ẹ̀yìn pé ẹ bá wa bi ẹ̀gbọ́n yín léèrè, kóńgò mélòó ni àgbò Iléyá ní Èkó? Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín mi tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún un pé mo ṣẹ̀ ẹ́, mo sì sọ ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́.

Ó wá ní ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ènìyàn lẹ ti sọ ọ́. Àwọn ọmọ mi gbọ́ ọ. Bí mo bá bá wọn wí báyìí, ojú wọn ni mo máa ń wò, bóyá wọ́n ń rántí pé wọ́n ní bàbá àwọn ò tọ́jú ìyá rẹ̀. Bí ẹ bá mú un kúrò létí èmi nìkan, ó ṣì wà létí wọn. Ẹ mú un kúrò níbi tí ẹ gbé e sí. Mo ní báwo ni kó ṣe rí? Ṣé kí n lọ bá Lèmọ́mù? Ṣé kí n pe àwọn àna jọ? Ṣé kí n sọ ọ́ lórí rédíò? Ó ní ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni mo sọ yẹn. Bí ẹ ṣe máa ṣe é, ọwọ́ yín ló wà.

Múfútàù kò jókòó nínú yàrá Kúdí rí, síbẹ̀ afòyemọ̀ ló kọ́ mi yẹn.

Bí èmi ṣe máa ṣe é nìyí o. Èmi Ràṣíìdì Àlàmú, àkọ́bí yín, mo ń sọ ọ́ níbi tí ará Ìsẹ́yìn àti ará Èkó ti lè kà á, pé ohun tí mo sọ nípa Múfútàù lọ́jọ́ Iléyá kì í ṣe òótọ́. Ó ń tọ́jú ìyá wa. Ó ti ń tọ́jú yín kí àwa yòókù tó mọ̀ pé ó yẹ kí a jókòó ṣèpàdé lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀, bàbá yín kò jẹ̀bi ohun tí ẹ gbọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá yín ló jẹ̀bi. Ẹ̀yin àna wa, bàbá Lèmọ́mù, ẹ dárí jì mí pé mo sọ yín di ẹni tó ń wolẹ̀. Ẹ̀yin náà, Ìyá mi, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, torí pé orúkọ yín ni mo fi lé òfì kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, n kò sì bi yín bóyá ó ń dí yín lọ́wọ́. Mo ti bẹ Wàsíù náà. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí n ra bàtà kan kí ẹ̀bẹ̀ náà lè wọ òun lára. Mo rà á. Ó fún mi lẹ́sẹ̀ díẹ̀.

N kò mọ̀ bóyá èyí tó lójú Múfútàù. Òun ni yóò sọ. Ṣùgbọ́n mo sọ fún Sìdíkátù pé lẹ́tà yìí ń bọ̀, ó sì pè mí láàárọ̀ àná. Ó ní Múfútàù wá. Ó ní kò gba ẹ̀yìnkùlé lọ́tẹ̀ yìí, iwájú ilé ló gbà, ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí òfì wà tẹ́lẹ̀. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ó wọn ibẹ̀ láti ògiri dé ògiri, ó tún un wọ̀n, ó sì lọ. Sìdíkátù ní ẹ ń wò ó láti ojú fèrèsé, pé ẹ sì fọwọ́ bo ẹnu kí ó má bàa gbọ́ ẹ̀rín yín.

Mo ń bọ̀ wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ yín, bí Ọlọ́run bá fẹ́. N kò ní mú ètò kankan bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí Múfútàù bá ní ọjọ́ náà lòun fẹ́ gbé òfì padà, kó fi igi tó wúwo jù sílẹ̀ fún mi. Bó bá ní ó di ìgbà mìíràn, màá gbà, màá sì lọ kí i níbi tó ti ń hun aṣọ, màá jókòó tì í.

Kí Ọlọ́run Ọba fún orúnkún yín lágbára, kó dá oorun ọ̀sán yín padà, kó má jẹ́ kí ẹ sunkún ọmọ. Kó jẹ́ kí Sìdíkátù rí ẹni tí yóò tọ́jú òun náà. Kó bùkún ọwọ́ Múfútàù, kí òwú má já mọ́ ọn lọ́wọ́. Kó jẹ́ kí gbogbo àwa tí a wà lẹ́yìn odi rí ọ̀nà padà wálé ní àlàáfíà. Ẹ bá mi kí bàbá Lèmọ́mù, ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ẹ sì bá mi kí ẹni tí n kò dárúkọ, kó má ṣe rò pé mo gbàgbé òun.

Èmi ni, ọmọ yín, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín,

Àlàmú,
ní Ìsàlẹ̀ Èkó.